Lẹ́tà ìparí sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: kíláàsì àkànṣe, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, àti owó sáà kẹta

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọmọ ní títọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa rí ìparí sáà yìí. Gbogbo àwọn olùkọ́ ní kí n bá àwọn kí yín.

Káàdì èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dá a padà lọ́jọ́ ìwọlé. Kíláàsì 6 ti ṣe ìdánwò àwòṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó ń bọ̀. Níbi eré ìdárayá, Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife, Ilé Pupa ṣe ìkejì. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni a ó wọlé, aago 7:45 àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọlọ́kadà má ṣe gbé ọmọ kọjá géètì mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ níbi igbá fínfín àti ọ̀rọ̀ owó ni ẹ ń retí. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo kà lórí WhatsApp àwọn òbí fi hàn pé a kò tíì ṣàlàyé dáadáa ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe ní kíláàsì àkànṣe. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kíláàsì 3 ni ìlù ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ọmọ tó ń fọwọ́ kan ìlù. Itan ara wọn ni wọ́n ń lù, tí wọ́n sì ń fi ẹnu pe ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé kànnàngó fún wọn, nítorí òun ló kéré jù nínú ọ̀wọ́ dùndún, apá ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè ká a mọ́ abíyá. Bí ọmọ bá fún ọ̀sán (okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù) mọ́ra, awọ ojú ìlù á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo wọn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fún ọ̀sán pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù á máa ké bí ọmọ adìyẹ, apá á sì máa ro wọ́n. Èkejì ni pé wọ́n á tẹ kọ̀ǹgọ́ mọ́ awọ dípò kí wọ́n jẹ́ kó ta padà, ìlù á wá dákú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lù ni orúkọ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń sọ, nítorí Àjàyí, Àkànní, Àlàbí, Àdùnní àti Àṣàkẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu ìlù: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Olùkọ́ á pe ẹnìkan, ọmọ márùn-ún á dìde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí ìdí tí onílù fi máa ń fi oríkì ti orúkọ lẹ́yìn kí ẹni tí ó ń pè lè dá ara rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn orúkọ, wọ́n á kan ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ọmọ tó bá ti fi ìlù ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀, kì í tún ṣi àmì wọn fi sínú ìwé. Olùkọ́ Yorùbá kíláàsì 4 jẹ́rìí sí i: àpèkọ ló fi ń mọ ọmọ tó ti bá ìlù rìn.

N kò lè kọjá ibí yìí láì yin ẹgbẹ́ onílù wa. Ọmọ 14 ni wọ́n: ìyáàlù méjì, gángan mẹ́rin, kànnàngó mẹ́fà, gúdúgúdú méjì. Ẹ̀yin tó wà níbi eré ìdárayá gbọ́ bí ìyáàlù ṣe ń pe Ilé kọ̀ọ̀kan wọ pápá, tí àwọn tó kù ń gbè é. Àwọn ọmọ yìí ti mọ ìdí tí ìda fi wà lójú gúdúgúdú, wọ́n sì ń tún un lẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n mọ̀ pé ìlù kì í gbé nínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, awọ kànnàngó méjì fà ya nítorí pé ẹnìkan gbé wọn sójú fèrèsé ní ọ̀sán gangan (ọmọ kọ́ o, àgbàlagbà ni). Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, awọ á dẹ̀, a ó ní láti yá a díẹ̀ kí ó tó dún. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, n kò sì fi pamọ́.

Àwọn òbí kan, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, béèrè bóyá à ń kọ́ ọmọ ní bíbọ Àyàn, òrìṣà àwọn onílù. A kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní bíbọ ohunkóhun. A sọ fún wọn pé ìdílé onílù ni a ti ń bá orúkọ bí Àyàndélé àti Àyánwálé pàdé, ibẹ̀ ni a fi mọ. Ìlù tí ẹ ń ná owó fún lóde ìgbéyàwó náà ni ọmọ yín ń kọ́.

Ní kọ̀ǹpútà, ọmọ méjì ló ń lo ẹyọ kan. Kíláàsì 3 ń kọ́ bí a ṣe ń tàn án àti bí a ṣe ń pa á láì fa wáyà yọ. Kíláàsì 5 ń lo Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti fi sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ń to àṣẹ léra kí ológbò inú rẹ̀ lè rìn. Ojú ìtàgé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -240 lápá òsì dé 240 lápá ọ̀tún. Ọmọ tó bá ní kí ológbò lọ sí 500 á rí i pé ó sá mọ́ etí ojú ìtàgé. Báyìí ni nọ́ńbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òdo ṣe yé kíláàsì 5 kí wọ́n tó bá a pàdé nínú ìwé ìṣirò. Ayò ọlọ́pọ́n náà ti wọ kíláàsì 2: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ń ta ayò kò nílò kí a fi pàṣán kọ́ ọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní eré sísá, gbígba igi lọ́wọ́ ara ẹni ni iṣẹ́ sáà yìí: inú mítà 30 ni igi ti gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ọmọ tó ń gbà á kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tó wẹ̀yìn ló ń já a sílẹ̀. Ilé Pupa lè jẹ́rìí.

Kíláàsì 6 se wàrà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ nìkan ló fọwọ́ kan ewé bomubomu, nítorí oje rẹ̀ kò dára fún ojú ọmọ. Iná wẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbé wàrà tútù, wọ́n da omi ewé sí i, ó dì, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ ó korò, ewé ló pọ̀ jù.

Ó wá kan igbá. Kíláàsì 5 àti 6 nìkan ló ń mú ọ̀bẹ. Kíláàsì 4 ń fi pẹ́ńsù ya ọnà sára igbá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igbá tó gbó, tí ìtàkùn rẹ̀ ti kú, là ń rà, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ti sáà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí èékánná bá wọ èèpo rẹ̀, kò tíì gbó. Irú rẹ̀ á súnkì bó bá ń gbẹ. Ayùn la fi ń là á sí méjì. A ó rì í sómi fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí inú rẹ̀ lè rà (ẹ má bínú sí òórùn tí ẹ gbọ́ nígbà tí ẹ wá mú ọmọ), a ó fi ṣíbí ha á mọ́, a ó sì kọ́kọ́ sá a sí ibòji. Bí igbá tútù bá bọ́ sínú oòrùn tààrà, á là. Akèrègbè tí ẹnu rẹ̀ kéré, ọmọ ló ń bá wa ha inú rẹ̀. Ọwọ́ àwa àgbà kò kúkú wọ̀ ọ́.

Pẹ́ńsù ló ń ṣáájú ọ̀bẹ. Ọmọ á pín ojú igbá sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà sí mẹ́jọ, láì lo rúlà, nítorí rúlà kò tẹ̀ lé ara igbá. Okùn la fi ń wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ ìṣirò ń wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ń fín in, èèpo òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí kúrò kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ọ̀bẹ tó bá wọlé jù á lu igbá náà. Igbá kì í gbé lórí itan. Inú àpò iyanrìn tó wà lórí tábìlì ni à ń tẹ̀ ẹ́ sí kó má baà yí. Ọwọ́ tó di igbá mú gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀bẹ, ojú ọ̀bẹ á sì máa lọ síwájú, kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹni tó ń fín.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì 5 gé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbé igbá kúrò lórí àpò iyanrìn, ó fi lé itan, ó sì fi ọwọ́ òsì síwájú ọ̀bẹ. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ti ilé ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ojú ọ̀bẹ náà ti kú. Ọ̀bẹ tó mú kì í béèrè agbára. Èyí tó kú ni ọmọ máa ń fi gbogbo ara tì, òun náà ló sì ń yọ̀. Ó yẹ kí a máa pọ́n wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá láì pọ́n wọn. Mo gba ẹ̀bi ìyẹn. A fi omi ẹ̀rọ ṣan ọgbẹ́ náà, a fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, a gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, a pe ìyá rẹ̀ kí a tó kúrò nínú ọgbà. Wọ́n rán an lójú méjì nílé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ Ajé ó ti padà sí kíláàsì.

Àtàǹpàkò rẹ̀ kò já. Kò sí ọmọ mẹ́ta tó gé ọwọ́. Kò sí olùkọ́ tó sá kúrò ní kíláàsì. Olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 17. Gbogbo èyí ni mo rí kà lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọmọ wọn kò sí ní kíláàsì 5. Mo bẹ̀ yín, nọ́ńbà ilé ìwé wà lẹ́yìn káàdì.

Òbí kan kọ̀wé pé òun kò rán ọmọ òun wá kọ́ iṣẹ́ onígbá. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọ̀yọ́ là ń gbé, ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ igbá, awọ àti ìlù. Ọmọ tó lè pín ohun roboto sí mẹ́jọ láì ṣàṣìṣe, tó ní sùúrù jókòó ti ẹyọ iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò pàdánù nǹkan kan nínú ìwé. Igbá fínfín kò ní kúrò.

Ohun tó máa yí padà nìyí. A ó pọ́n gbogbo ọ̀bẹ ní ọjọ́rú, olùkọ́ á sì fi ìwé dán ẹnu rẹ̀ wò. Èyí tí kò bá gé ìwé kò wọ kíláàsì. Ọmọ mẹ́jọ ni yóò máa mú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á máa ya ọnà. Ìbọ̀wọ́ awọ yóò wà fún ọwọ́ tó di igbá mú. Ọmọ tó bá gbé igbá lé itan lẹ́ẹ̀mejì á padà sí pẹ́ńsù títí sáà á fi parí. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mú ọ̀bẹ rárá lè kọ ọ́ ránṣẹ́, ọmọ náà á sì máa ya ọnà. Kò sí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Owó ńkọ́? Owó kíláàsì àkànṣe kúrò ní ₦4,000, ó di ₦6,500 ní sáà kan, láti kíláàsì 3 dé 6. Kíláàsì 1 àti 2 kò san án. Nínú ₦2,500 tó gun orí rẹ̀, ₦900 jẹ́ ti ọ̀bẹ tuntun, òkúta ìpọ́nbẹ àti ìbọ̀wọ́. ₦700 jẹ́ ti awọ ewúrẹ́ àti ọ̀sán tí a ó fi tún ìlù ṣe. ₦900 jẹ́ ti bátìrì sólà kọ̀ǹpútà, méjì nínú wọn kò gba iná dúró mọ́. Kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ tó wọ owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ìwé ìnáwó wà ní ọ́fíìsì, ẹ wá wò ó.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ lè san án ní ìdá méjì, ìkejì kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹni tí nǹkan le fún, kí ó wá bá mi kí a tó wọlé. Ohun tí a bá jọ sọ, ọ́fíìsì mi ló máa kú sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó ilé ìwé kí ó yọ ti kíláàsì àkànṣe kúrò, kí ó wá sọ pé ọmọ òun kò fẹ́ràn ìlù. A ó dá ìwé ìsanwó náà padà.

Lọ́jọ́ ìwọlé, kí ọmọ kíláàsì 5 àti 6 mú aṣọ àtijọ́ kan tó bo àyà dé orúnkún àti pẹ́ńsù 2B méjì wá. Kí wọ́n má ṣe mú ọ̀bẹ wá láti ilé rárá.

Ẹ kú ọdún Àjíǹde, ẹ̀yin tó ń ṣe é. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ilé ìwé