Ohun Tí Bóòtù Mú

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Má bínú pé lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́wọ́ mi. Girísì ni kì í kúrò lọ́wọ́ mi bọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ fi ìka dúdú ba bébà jẹ́. O béèrè bóyá mo ṣì ń bá òkú irin yẹn jà, katakata àtijọ́ tí mo ń tún ṣe. Òkú irin ti jí o! Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló sítáàtì.

Mi ò gbàgbé ìmọ̀ràn tí o fún mi nígbà tí o kọ́kọ́ rí fọ́tò rẹ̀: kí n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, kí n gé iwájú rẹ̀, kí n ki ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun bọ̀ ọ́. Ìwọ àti gígé nǹkan! Ọ̀rọ̀ rẹ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ṣòfin fún ara mi. Ohun tí bóòtù bá mú, mo lè tú u, kí n fi òmíràn sípò rẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin katakata fúnra rẹ̀, mi ò ní gé e, mi ò ní lu ihò sí i, mi ò sì ní jó nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú lè fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà, kò yẹ kí n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Gígé ibo gan-an ni o tiẹ̀ ń wí? Massey Ferguson 35, irú katakata tèmi yìí, kò ní ṣáàsì, férémù irin abẹ́, bíi ti ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀: áàsìlì iwájú so mọ́ ọn níwájú, ilé gíà dè mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí o bá tú u níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà, katakata di méjì lójú rẹ, ìdajì kan lórí jáàkì, ìdajì kan lórí táyà ńlá méjì. Ọdún 1961 ni tèmi, oní-díísù sì ni, nítorí náà ẹ́ńjìnnì Perkins oní-písítọ̀nì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn oní-díísù tó ṣáájú ìparí 1959 ń lo ẹ́ńjìnnì Standard oní-mẹ́rin, ìyẹn sì lórúkọ burúkú: bí òtútù bá mú, kì í fẹ́ jí. Èmi ríre níbẹ̀.

Òjò ló pa á. Páìpù èéfín rẹ̀ nàró ṣánṣán sókè, ẹni tó pa á tì kò sì rántí fi agolo òfìfo kan dé e lórí. Omi gba páìpù wọlé, ó bá fáfù tó ṣí sílẹ̀ bọ́ sínú sílíńdà, ihò tí písítọ̀nì ti ń lọ sókè-sódò. Nígbà tí mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ìkíní àti ìkẹta ń dán bí awò. Ìkejì ti dógùn-ún, písítọ̀nì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri pinpin. Mo po epo díísù mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò fún gíà ọkọ̀ tí kì í fẹ́ ìyípadà ọwọ́, mo dà á sórí rẹ̀. Lálaalẹ́ ni mo ń gbé igi lé písítọ̀nì náà lórí, màá fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mẹta péré, màá sì wọlé lọ sùn. Ìbínú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú gbá a, ó fọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sì yẹ̀. Kò ju ìnípọn èékánná lọ, àmọ́ mo rí i. Ariwo tí mo pa, àwọn ará ilé rò pé irin ti jábọ́ lù mí lẹ́sẹ̀.

Láyínà, ríìnì, béárìn, gáskẹ́ẹ̀tì: mo pààrọ̀ gbogbo wọn. Kò sí ìtàn níbẹ̀.

Ibi tí ìtàn wà ni kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tó sì ń tú u sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé o máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo há igi sí ẹ̀gbẹ́ áàsìlì iwájú méjèèjì kí ẹ́ńjìnnì má baà yí dànù, mo pín in sí méjì wẹ́rẹ́, mo fi àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, mo tún so ó pọ̀. Ọjọ́ méjì odindi. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ ki gíà, ó ń ké kàràkàrà bí ẹni ń jẹ òkúta. Ẹ̀yìn àwo ni mo kọ síwájú! Apá tó yọ gọnbu yẹn ló ń họ ara fíláwílì, irin róbótó tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, kò jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè bá jà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi í síbẹ̀. Mo jókòó sórí garawa fún bíi wákàtí kan, mo tún gbé jáàkì.

Ti iná kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè jó ẹni tí kò fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ katakata ìgbà yẹn, pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin, kì í ṣe nẹ́gétíìfù bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Bí o bá yọ dínámò, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ṣe iná, tí o gbé áltánétọ̀ ìgbàlódé síbẹ̀ láìyí orí bátìrì padà, ojú ẹsẹ̀ ni áltánétọ̀ ń kú. Mo yí i kí n tó so ohunkóhun. Mo tún de irin àbò mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, irú èyí tí wọ́n ṣe fún un, pẹ̀lú bẹ́líìtì, nítorí bí iwájú katakata bá gbéra tó fẹ́ ta sẹ́yìn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bóòtù ló mú un, òfin mi ṣì dúró.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni a ó ti jà. Pupa lára, eérú lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kùn ún láti ilé. Mo kun bọ́nẹ́ẹ̀tì ní pupa, àmọ́ mo kun ẹ́ńjìnnì àti ilé gíà ní àwọ̀ wúrà, bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ferguson FE35 ti 1956. Àwọn tí kò fẹ́ kí nǹkan yẹ̀ yóò bú mi. Kí wọ́n máa bú mi. Ó wù mí.

Wàyí o, Sátidé. Mo tú bóòtù kékeré orí fíltà epo kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, mo ń fi ọwọ́ gbé apá pọ́ńpù, ìfófòó ń yọ bí omi ọṣẹ. Nígbà tí díísù wá ń ṣàn láìní ìfófòó, mo dè é. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lára pọ́ńpù ńlá. Mo dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó ń fín epo sínú sílíńdà, mo yí kọ́kọ́rọ́ títí epo fi jáde, mo fún wọn padà. Mo tún yí i. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì, gbì-gbì, èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, ó wá tò ó: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, bí ẹni mẹ́ta tó ń gún odó kan. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo kàn gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ̀n.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Mo lu ihò kan sí pátákó iwájú rẹ̀ fún aago tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn. Ihò kékeré ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi fọ́tò mẹ́ta sínú lẹ́tà yìí. Èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ yẹn, kò bàjẹ́ o. Èéfín ni.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, ọlọ́wọ́ dúdú