Ẹ yẹ ìdí ògiri wò kẹ́ ẹ tó fi alumíníọ̀mù bò ó

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta. Àwọn èèyàn wa ò fi alumíníọ̀mù mọ sórí òrùlé mọ́ o, ara ògiri ni wọ́n ń fi bò báyìí, ẹ ṣáà rìn ní Adó kẹ́ ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìfowópamọ́ tó ń dán gbinrin látòkè délẹ̀, àwa onílé náà wá rí i, ojú wa wọ̀ ọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló kó mi sí i ní tèmi. Ó fi fọ́tò ilé tó ń gbé ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ilé onípákó ni, wọ́n wá kan alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára, tòkè ń gun tìsàlẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, siding ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó ní ká ṣe irú ẹ̀ sílé Bàámi níbí ní Ìkéré, òun á fowó ránṣẹ́. Ta ni ò fẹ́ kílé bàbá òun dán?

Ilé alámọ̀ nilé Bàámi, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Ọdọọdún ni ìsàlẹ̀ ògiri yẹn ń bó, bẹ́ ẹ bá fìka kàn án á dún bí ìgbà téèyàn ń lu igbá, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ á wá máa yọ jáde lára ẹ̀. Mo ti kùn ún lọ́dà títí ó ti sú mi, mo wá ní alumíníọ̀mù á bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Bíríkìlà àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ló wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ẹni tó ń làágùn lẹ fẹ́ wọ kóòtù fún yẹn?" Ó mú ọkọ́, ó wa ìdí ògiri díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù rinrin, ṣebí ibẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí láti bí ogójì ọdún, omi yẹn ló ń gun inú amọ̀ lọ sókè. Ká ní mo ti bò ó ni, omi ò ní ríbi gbà jáde, ikán á wá rí ilé sá sí.

A gbẹ́ gọ́tà, a ha sìmẹ́ǹtì tó ti kú dànù, a fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Ibi onígun mẹ́ta òkè lábẹ́ òrùlé nìkan la wá fi alumíníọ̀mù bò, níbi tí òjò oníjì tó ń ti apá àpáta Olósunta bọ̀ ti máa ń nà án.

Ọjà rírà yẹn gan-an wá tún ni wàhálà. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá búra pé alumíníọ̀mù gidi ni, gééjì 0.55, ìyẹn ni pé ó nípọn tó mìlímítà 0.55. Mo ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ sápò, mo gbé e lé páànù yẹn, gbà! ó lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ni, alumíníọ̀mù àti síǹkì ni wọ́n kàn fi bò ó lójú. N ò ní irin yẹn ò dáa o, ó le dáadáa, àmọ́ kí ló dé tó fẹ́ gba owó alumíníọ̀mù lọ́wọ́ mi? Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ti gééjì náà, 0.45 ò burú lókè, ṣùgbọ́n níbi tọ́mọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ewúrẹ́ ti ń fìwo họra, ẹ má dán an wò, tó bá ti tẹ̀ ó tẹ̀ náà nìyẹn.

Kápẹ́ńtà wa tún kàn án pinpin. Ọ̀sán kan péré, ó ti ń dún pá-pá, ó wú bí ìgbì omi. Alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 4, tóòrùn bá fi dígírì 40 lé ooru ara ẹ̀, á fi bíi mìlímítà 4 gùn sí i, tí kò bá ríbi nà sí á ká. Ihò ìṣó gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀, kí ìṣó má sì dì í pa. Ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tútù dúró lára ẹ̀ náà o, ó máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ irú ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó wà láàárín ẹ̀, torí òmíì wà tó jẹ́ pé rọ́bà ló wà láàárín alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Irú ẹ̀ ló wà lára ilé gogoro Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù tó jóná lọ́dún 2017, èèyàn 72 ló kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta páànù, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì: alumíníọ̀mù ni àbí irin, gééjì mélòó. Àbúrò mi ní fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ò jọ ilé Amẹ́ríkà rárá. Mo ní kò lè jọ ọ́, amọ̀ ni tiwa.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkéré-Èkìtì