Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Èédú àti Òtútù ní Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìnáwó àwọn ọmọ. Inú wa dùn pé sáà kejì parí láyọ̀, a sì dúpẹ́ gidigidi fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín ìgbà gbogbo.

Èsì ìdánwò wà nínú àpòòwé tí ọmọ yín mú wálé. Ẹ fojú ara yín kà á, ẹ má jẹ́ kí ọmọ bá yín kà á. Kíláàsì kẹta gbìyànjú nínú ìṣirò. Kíláàsì kìn-ín-ní kò ṣe dáadáa nínú àròkọ. Eré ìdárayá kò wáyé, torí odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kùrukùru fi bo pápá débi pé agbábọ́ọ̀lù kò rí ojú ilé. Ọkọ̀ tó ń kó ìwé tuntun bọ̀ há síbi tí òkè ti ya wá sójú ọ̀nà. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ fi orí ru páálí ìwé gòkè, ẹ ṣeun, a ò ní gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi. Ọjọ́ Ajé la ó wọlé, kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àwọn kan ń bínú pé oúnjẹ ọ̀sán ń pẹ́. Létí òkun, ìwọ̀n Celsius 100 ni omi ti ń hó. Lọ́dọ̀ wa níbí, tó ga tó nǹkan bí 2,000 mítà, bíi ìwọ̀n 93 péré ni. Omi ń hó lóòótọ́, ẹ̀wà ni kò gbà pé ó ń hó. A ti ní kí àwọn alásè tètè máa gbé e kaná.

Ó wù mí kí gbogbo òbí yà wo àwọ̀n tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa ta sórí gegele tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Kùrukùru tó ń yọ wá lẹ́nu láràárọ̀ ni wọ́n fi ń rí omi: afẹ́fẹ́ á gbé e gba inú àwọ̀n kọjá, ẹ̀kán omi wínníwínní á so mọ́ okùn, á máa ro sínú ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀, á sì ṣàn lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó sọ pé àwọ̀n ẹja ni ọ̀gá ta sórí òkè, mo ti gbọ́. Ní Chungungo, abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Chile, irú àwọ̀n yìí ló fún àwọn ará abúlé lómi ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì ti ta á sórí òkè Boutmezguida ní Mòrókò pẹ̀lú. Dúrọ́ọ̀mù wa ń kún, àwọn ọmọ tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun omi kí ilẹ̀ tó mọ́ sì ti ń rí oorun sùn. N kò tíì rí àwọn ọmọ tó fi ọkàn sí iṣẹ́ báyìí rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn òkè ńlá, a ó pè yín wá wò ó, àwọn ọmọ ni yóò sì ṣàlàyé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú kí lẹ́tà yìí gùn.

Ní òru ọjọ́ kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, tí òjò àti òtútù jọ dé, mátírọ́ọ̀nù gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Ó bá ọmọ mẹ́rin níbẹ̀: orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, méjì ń bì. Ó ṣí fèrèsé, ó sì wọ́ wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́ irin kan wà láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, èédú pọ́n kuku nínú rẹ̀; àkísà ni wọ́n sì fi dí ihò atẹ́gùn tó wà lókè fèrèsé. Ara gbogbo wọn ti yá, wọ́n sì ṣe ìdánwò.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí etí mi ò gbọ́. Àwọn kan ní oúnjẹ alẹ́ ló ṣe àwọn ọmọ náà. Ìkòkò kan náà ni gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti jẹun, ẹnikẹ́ni ò sì kígbe inú ní yàrá kejì. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ò bìkítà. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ló kó èédú sábẹ́ aṣọ nínú àpò ọmọ? Ìyá kan ló ṣe é, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú u, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń yáná èédú nílé.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ìgbà tí èédú bá pọ́n tí kò rú èéfín mọ́, ewu ṣì wà níbẹ̀. Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀: kò rùn, kò ní àwọ̀, kì í tani lójú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen tí à ń mí sínú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ara kò sì ní rí oxygen lò mọ́. Lókè níbí, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ lè má jí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ gbé onítọ̀hún síta ná kí ẹ tó máa wá oògùn.

Wọ́n tún ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tutù. Ó tutù, n ò jiyàn. Bí a bá ṣe ń gòkè ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ooru ń dín ní bíi ìwọ̀n 6.5, kò sì sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó lè bẹ òkè kó rẹlẹ̀. Ohun tí agbára wa ká ni aṣọ ìbora méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pákó tí a ó fi tẹ́ abẹ́ òrùlé, àti rọ́bà omi gbígbóná tí mátírọ́ọ̀nù yóò máa pín kí wọ́n tó sùn. Ìdí nìyí tí owó họ́sítẹ́ẹ̀lì fi lé sí i. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé pélébé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ sì ti yẹ ìṣirò rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká ta àwọ̀n ká fi ra aṣọ ìbora, igi tó wó ni a fi ṣe òpó rẹ̀, àwọ̀n náà àlòkù ni, ní ti ìṣó, àpò èmi fúnra mi ni owó rẹ̀ ti jáde.

Láti sáà tó ń bọ̀, a ó máa tú àpò gbogbo ọmọ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí a bá bá èédú, sítóòfù tàbí àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá ẹni tó mú un wá padà sílé lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe ọmọ alága ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá dí ihò atẹ́gùn, bákan náà. Ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pélébé náà kí ọmọ mú un wá. Ọmọ tí kò bá mú un wá kò ní sun họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má wá bẹ̀ mí.

A kí yín kú ìsinmi. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Àfikún: Bàtà òjò pọ̀ ní ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, òmíràn jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ wá mú tiyín kí a tó wọlé.