Àkànní, Dúró Fi Kọ́kọ́rọ́ Lé Wọn Lọ́wọ́

Àkànní, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Òun ló ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, pé èyí tí a bá kọ sílẹ̀ ni èèyàn lè tún padà kà nígbà tí inú bá rọ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o pè ni ohùn rẹ ti ń dún sí mi létí. O ní ẹ dìbò yan àwọn olóyè ẹgbẹ́ yín, o kò wọlé, àwọn tó sì yọ ọ́ kò mọ iye òru tí o kò fi ojú ba oorun nítorí ẹgbẹ́ náà. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn àti ìwé owó ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá a wá, àyà mi já. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn. Philadelphia tí o ń gbé yìí gan-an sì ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni olú ìlú Amẹ́ríkà láti 1790 títí di 1800, ibẹ̀ sì ni George Washington ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tó fi jẹ́ ààrẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1796, ó kọ ìwé ìdágbére sí àwọn ará ìlú nínú ìwé ìròyìn, ó ní òun kò ní du ipò náà nígbà kẹta. Kò sí òfin tó ní kó lọ. Ọdún 1951 ni èyí tó ní ìbò méjì ti tó fún ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé òfin wọn. Láyé tí àwọn ọba ń wàjà lórí ìtẹ́ wọn, ó gbé ipò sílẹ̀, ó gba oko rẹ̀ lọ.

Mi ò ní fi apá kejì pa mọ́ fún ọ. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ọmọbìnrin kan tó tó ẹni ọdún 22, Ona Judge, ẹrú tó ń tọ́jú ìyàwó ààrẹ, rọra jáde nílé nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ ìyá náà lọ́rẹ. Òfin Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tí Philadelphia wà, ní kí ẹrú tí olówó rẹ̀ bá ti gbé níbẹ̀ fún oṣù 6 lè gba òmìnira, ni ààrẹ bá ń rán àwọn tirẹ̀ jáde kí oṣù tó pé, tí yóò tún kó wọn padà. Nígbà tí Ona lọ, wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìlú: dọ́là 10 fún ẹni tó bá mú un wá. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé ìpínlẹ̀ New Hampshire. Washington ń wá a títí tó fi kú ní 1799, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Ìlú kan náà, ọdún kan náà: ọwọ́ tó yọ̀ǹda agbára odindi orílẹ̀-èdè kò lè yọ̀ǹda ọmọbìnrin kan. Tí mo bá kọ́ ọ débẹ̀ ní kíláàsì, mo máa ń dákẹ́ fúngbà díẹ̀, nítorí láti etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ wa yìí ni wọ́n ti kó àwọn babańlá àwọn ẹrú náà lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ John Adams tó gbapò rẹ̀ ni mò ń lọ. Kò ní ẹrú láyé rẹ̀. Ó ní àṣìṣe tirẹ̀: ní 1798 ó fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi ń sọ àwọn tó bú ìjọba rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ nígbà tí àwọn Faransé ń gba ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà lójú òkun, tí àwọn èèyàn inú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì ń pariwo ogun, ó rán ikọ̀ lọ bá wọn ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ sí méjì. Ìròyìn pé wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ́ kó tó dé, ìbò ààrẹ ti ọdún 1800 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nínú ìbò àwọn aṣojú tó ń yan ààrẹ, 65 ni Adams ní, Thomas Jefferson tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 73. Ní àkókò yẹn kan náà ni ọmọ rẹ̀ Charles kú, ọtí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbàgbé pé olùkọ́ ni mí.

Ilé ààrẹ tuntun ní ìlú Washington, olú ìlú tuntun, kò tíì parí nígbà náà. Inú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ni Abigail ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ tó fọ̀ sí. Oṣù mẹ́rin péré ni Adams gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1801, ọjọ́ tí Jefferson máa búra, Adams ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ń lọ sílé. Kò pe sójà. Kò kó ìwé ìjọba kankan sá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan yóò gbé ìjọba orílẹ̀-èdè náà fún ẹgbẹ́ tó ń bá a jà. Jefferson ló ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní 1803, mílíọ̀nù 15 dọ́là, mi ò sì rò pé ìyẹn ì bá rọrùn ká ní Adams ti bá wọn jagun.

Síbẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí yẹn dùn mí. Kò dúró bọ ẹni tó gbapò rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì kò kọ̀wé síra wọn mọ́ bí ọ̀rẹ́ títí di ọjọ́ kìíní ọdún 1812, nígbà tí Adams kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ọdún tuntun sí Jefferson. Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà ti ń lọ tó ń bọ̀, títí tí àwọn méjèèjì fi kú lọ́jọ́ kan náà, 4 oṣù Keje 1826. Wo ọdún tí wọ́n ti fi ṣòfò.

O kéré nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rán ọmọdé sí mi, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi wá rìsíìtì kiri, tí àwọn ìyá arúgbó ń bi mí léèrè owó wọn, tí mi ò rí èsì fọ̀. Inú ló ń bí i sí mi, àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, wọ aṣọ rẹ tó dára, kí o sì tètè dé. Jókòó ti ẹni tó wọlé náà, ṣí ìwé owó yẹn fún un ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, fi owó tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín hàn án. Fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Bí ó bá ní ìbéèrè lẹ́yìn náà, gbé fóònù rẹ̀.

Bí o bá ti ṣe tán, pè mí. Bó jẹ́ òru níbí, mi ò ní tíì sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ