Oko tí mo sá fún

Herefordshire, Ìlú Ọba
Alẹ́ Sátidé, oṣù Ẹpirẹ́lì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àkọ́rọ̀ òjò. Àbúrò mi ní ilẹ̀ ti rọ̀ dáadáa lọ́hùn-ún, pé Bàámi sì ti ń kọ ebè. Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn ńkọ́? Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé ní Òjé.

Ẹ má bínú pé n kò pè. Láti ọjọ́ Ajé ni n kò ti fojú kan oorun gidi, àwọn àgùntàn ló ń bímọ. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tú àgbò sí wọn, oṣù márùn-ún ni wọ́n sì ń lóyún, ni gbogbo wọn bá ń bí léra léra. Abo 42 ni tọkọtaya tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní, 19 ti bí lọ́sẹ̀ yìí. Èmi ni mo ń ṣọ́ wọn lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fúláàsìkì tíì. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, a ó nu imú ẹ̀, a ó fi iodine sí ìwọ́ ẹ̀, a ó sì rí i pé ó tètè mu omi ọyàn àkọ́kọ́ tó máa ń ki yẹn. Èyí tí kò bá rí i mu kì í sábà yè.

Lóru ọjọ́rú, ọ̀kan bí òkú ọmọ. Ó ń lá a, ó ń fẹsẹ̀ ta á pé kó dìde. Mo gbójú kúrò. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ọmú méjì péré ni àgùntàn ní. Bàbá olóko dé, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n sì bó awọ òkú ọmọ náà bí ẹni bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ọmọdé. Wọ́n gbé ìkẹta wá, wọ́n ki ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ihò awọ yẹn. Ìyá gbóòórùn ìdí ẹ̀. Ó tún gbóòórùn ẹ̀. Ó wá kùn lọ́fun, ó sì dúró. Ẹ ò rí bí ìrù ọmọ yẹn ṣe ń jó! Ewúrẹ́ yín tó kọ ọmọ ni mo rántí, èyí tí ẹ̀ ń di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú láràárọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la gbin pòtétò. Wọ́n ti tò ó sínú páálí ẹyin lójú fèrèsé kí ojú ẹ̀ lè yọ, bí èbù iṣu ni, àmọ́ wọn ò gé e. Kátakáta ló kọ poro. Mo kàn ń ro ẹ̀yìn Bàámi ni.

Àṣìṣe tèmi rèé: oòrùn ràn ní Jímọ̀, mo gbé ọmọ tòmátò sí ìta kó gba atẹ́gùn, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú. Ìrì dì sí i lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dúdú, ó rọ̀ jọwọrọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Ìyàwó olóko ní kò burú. Ká ní Bàámi ni, ariwo wọn ì bá dé ìdí rélùwéè!

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyẹn. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Mọ́níyà lọ́dún 2021 ni àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ wa ò ti jẹ́ kí ẹnu-ọ̀nà sinmi, àbúrò mi sì ní Bàámi ti ń fetí sí wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má tíì tọwọ́ bọ̀wé. Mo mọ̀ pé èmi gan-an ni mo máa ń sọ pé orí ń fọ́ mi láràárọ̀ tí a bá fẹ́ lọ sóko. Ẹ wá wò mí níbi tí mo ti ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ àgùntàn olóko mìíràn. Mo ti fi owó èbù àti owó alágbàṣe sọ́wọ́ àbúrò mi, kí Bàámi gbé ọkọ́ sílẹ̀ ná. Tí ó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ra abo àgùntàn kan.

Aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù. Alẹ́ òní la ó bọ́ awọ yẹn kúrò lára ọmọ. N ó pè yín lọ́la, n ó sọ fún yín bóyá ìyá ẹ̀ ṣì gbà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkàndé