Àkànní, fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀, pùrósẹ́sọ̀ ni kí o bá mi mú bọ̀

Bódìjà, Ìbàdàn.
Alẹ́ Sátidé.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o, ìwọ àti ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ ń bọ̀ nílé fún Kérésì, àti pé kí n dárúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé) tí mo fẹ́ kí o lè bá mi rà á ní Manchester. O ṣeun, ọ̀rẹ́. Ohùn ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, iná sì ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ínfátà ló ń gbé laptop tí mo fi ń kọ ọ́.

O bi mí pé, "Ilé-iṣẹ́ wo ni bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe é fọkàn tán?" Bí o ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà wa ní Ifẹ̀ ni mo rántí, èyí tí àwa mẹ́ta dáwó jọ rà ní 2004. Tí a bá ti tẹ iṣẹ́ dé ìdajì, á kú pii. Ìwọ bú NEPA, èmi bú ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Lọ́jọ́ tí a wá tú u, a rí i pé àwọn kàpásítọ̀, agolo wẹ́wẹ́ tó ń fi iná pamọ́, tó yí pùrósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ká ti wú lórí bí àkàrà, omi pupa kan sì ti ṣàn jáde lẹ́sẹ̀ méjì nínú wọn. Ìwọ lo sọ pé eku ló tọ̀ sí i! A fi ẹja gbígbẹ dẹ pàkúté fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Eku kọ́, NEPA náà kọ́. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé láti nǹkan bí 1999 títí dé 2007, kàpásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti Taiwan wá, ti wọ inú bọ́ọ̀dù kárí ayé. Dell OptiPlex GX270 wà lára àwọn tó kó àrùn yẹn. Bọ́ọ̀dù Abit náà kó o, bẹ́ẹ̀ Abit ni àwọn tó ń fúnra wọn to kọ̀ǹpútà ń wárí fún nígbà yẹn. Kí 2009 tó wọlé, Abit ti kógbá wọlé. Intel pàápàá, tó ń ṣe bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kéde ní 2013 pé òun ń fi bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀. Nítorí náà tí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ilé-iṣẹ́ búra níwájú mi, Ifẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Àwọn mẹ́rin tí wàá máa rí lórí àtẹ báyìí ni ASUS, Gigabyte, MSI àti ASRock. Ọmọ Taiwan ni gbogbo wọn. Kódà inú ASUS ni ASRock ti jáde ní 2002, kó lè máa ta tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ̀ AMD tàbí Intel, àwọn tó ń ṣe pùrósẹ́sọ̀, ni gbogbo wọn ti ń ra chipset, ẹ̀yà tó ń darí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù. Ilé kan náà ni wọ́n ti ń bu omi ọbẹ̀, ohun tí kálukú sọ sínú ìkòkò ló yàtọ̀. Ohun tí kálukú sì ń sọ sínú rẹ̀, iye tí o bá san ni wọ́n ń wò. Ní ilé ASUS, PRIME wà nísàlẹ̀, TUF wà láàárín, ROG wà lókè. Ní ti MSI, PRO ló ṣáájú, kí o tó kan MAG, MPG àti MEG. Ẹni tó ra èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó wá ń yangàn pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, orúkọ ló rà.

Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni VRM, ẹ̀yà tó ń dín iná kù fún pùrósẹ́sọ̀. Páwà, àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, máa ń gbé 12 volt wá sórí bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba volt kan àti díẹ̀ ni pùrósẹ́sọ̀ lè mu. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ dúdú tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gé iná yẹn kù fún un, iṣẹ́ ọ̀hún sì máa ń mú wọn gbóná. Tí wọn ò bá pọ̀ tó, tí kò sì sí irin tó ń fa ooru lórí wọn, pùrósẹ́sọ̀ á máa rá pálá ní àárín iṣẹ́. O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Fídíò ìgbéyàwó oníwákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń kó fún mi lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Yàrá mi kò ní AC, ooru Ìbàdàn ní oṣù Kẹta kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bọ́ọ̀dù tí VRM rẹ̀ wà níhòòhò kò lè wọlé mi, ẹni yòówù kó ṣe é.

Ohun kejì ni BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà tí a bá tàn án. Ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn kan rí i tí pùrósẹ́sọ̀ AMD wọn, Ryzen 7000X3D, jó mọ́ ojú bọ́ọ̀dù. AMD pàṣẹ pé kí iná SoC, apá kan nínú pùrósẹ́sọ̀, má ṣe kọjá 1.3 volt mọ́, àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù sì gbé BIOS tuntun jáde. Tí mo bá fẹ́ mọ bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń tọ́jú ohun tó ti tà, ọjọ́ tó gbé BIOS jáde kẹ́yìn fún bọ́ọ̀dù náà ni mo máa ń wò.

RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí) DDR4 méjì ni mo ní nílẹ̀, 16 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù AM5, ìran tuntun ti AMD, kì í gba ohun mìíràn ju DDR5 lọ, n kò sì ní da RAM tí mo fowó rà nù. Torí náà AM4, ìran tó ṣáájú rẹ̀, ni mo ń lọ, bọ́ọ̀dù B550, pẹ̀lú pùrósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600. 2020 ni B550 jáde, 5600 jáde ní 2022, nítorí náà bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá pùrósẹ́sọ̀ yẹn mọ̀. Èyí tó ní bọ́tìnnì BIOS lẹ́yìn ni màá rà. O kàn máa kó fáìlì sórí fúláàṣì, o tẹ bọ́tìnnì, bọ́ọ̀dù á gba BIOS tuntun láìsí pùrósẹ́sọ̀ lórí rẹ̀ rárá. Gigabyte ń pè é ní Q-Flash Plus, ASUS ń pè é ní BIOS FlashBack.

Ó dáa, kí ló dé tí n kò fẹ́ kí o rà á?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi gbé bọ́ọ̀dù kan wá fún mi láti London. Ó rẹwà, páálí rẹ̀ nìkan tó fi ṣe ẹ̀bùn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó kú. N kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kò tó láti ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́. Òfin ọ̀dọ̀ yín láti 2015 fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù ní 30 ọjọ́ láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù wà ní Bódìjà! Ẹni tó tà á ní àfi kí òun kọ́kọ́ rí i. Owó tí àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bọ́ọ̀dù. Bí a ṣe ń rò ó, tí a ń tò ó, 30 ọjọ́ pé. Ó wà lára ògiri báyìí. Àwọn ọmọ mi ní ó jọ ìlú ńlá tí èèyàn ń wò láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

Nísinsìnyí, gbọ́ ti Ìkẹjà. Ọ̀gá kan wà ní Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń lé díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń lé. Bọ́ọ̀dù B450 tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú RAM kan kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Mo wọ rélùwéè ní Moníyà láàárọ̀, mo sọ̀ ní Agége, mo gba ibẹ̀ dé Ìkẹjà. Ó tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lójú mi, ó wo déètì tó fi máàkà kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé òmíràn fún mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti wà nídìí iṣẹ́. Èmi kò mọ ìwé wọ́ráńtì tó ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù Intel tàbí AM5 ni, tọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ tàn sí ojú ibi tí pùrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni àwọn pín-ìn-nì wà. Tí ẹyọ kan bá ti wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ti AM4, ara pùrósẹ́sọ̀ ni pín-ìn-nì wà, kò sí ohun tó fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì wá lójú bọ́ọ̀dù mi.

Nítorí náà, èyíkéyìí tí ọ̀gá yẹn bá ní, tí irin bá wà lórí VRM rẹ̀, tí bọ́tìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni màá gbé, ìbáà jẹ́ MSI, ìbáà jẹ́ Gigabyte.

Ìwọ bá mi ra pùrósẹ́sọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tú kọ̀ǹpútà, méjì péré ni mo rí tó kú fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó kú, n kò lè kà á tán. Èyí tó wà nínú páálí tòun ti fáànù rẹ̀ ni kí o rà. Pín-ìn-nì 1,331 ló wà nídìí rẹ̀, torí náà má yọ ọ́ nínú ike rẹ̀, kí o sì gbé e sínú báàgì ọwọ́. Má fi han àwọn ọmọ.

Tí ààyè bá ṣẹ́kù nínú ẹrù yín, bá mi mú páwà kan náà, 550 watt, ti Corsair tàbí Seasonic. Àwọn kan tí wọ́n ń tà níbí, 600 watt ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àmọ́ tí o bá gbé e, á fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán. Irú wọn ló ń pa bọ́ọ̀dù tí a fi ń bú ẹni tó ṣe é. Iná tiyín àti tiwa jọ jẹ́ 230 volt, lórí ìwé o, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì wa náà sì bára mu, wàhálà kankan kò sí níbẹ̀.

Fi iye rẹ̀ ránṣẹ́, màá gbé náírà fún Mọ́mì ní Ṣàgámù bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o kì í pè.

Ínfátà ti ń ké, kí n tètè pa nǹkan yìí. Tí o bá dé, yà wo bọ́ọ̀dù ara ògiri yẹn fún mi, bóyá eku náà ló tọ̀ sí i.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní.