Ẹ má fi aṣọ ìbora ọmọ nulẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ojú ewé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn yín gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó gbogbo aṣọ ọmọ tó ti gbó jáde, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa fi nulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dáa fún síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka aṣọ ìbora mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló ti dùn mí, torí aṣọ ìbora ọmọ kan wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Ọdún 34 ni mo fi ránṣọ ní Bẹẹrẹ kí ojú tó ní kí n jókòó sílé. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bí Àkànní ní 2017, ọwọ́ mi ò tó nǹkan ńlá. Mo bá da àpò sìmẹ́ńtì tí mò ń kó àgékù aṣọ sí lábẹ́ máṣíìnì délẹ̀. Ègé 63 ni mo gé, ínṣì márùn-ún níbùú lóròó, mo tò wọ́n méje-méje ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Ańkárá ìkómọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Apá bùbá gíní tí ọkọ mi wọ kẹ́yìn wà níbẹ̀. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti rọ̀ sáàárín, mo sì fi kíjìpá ìyá mi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ yẹn gbọ́n o, nítorí nínú gbogbo ohun tó wà lára aṣọ náà, kíjìpá nìkan ni kò tíì já.

Ègé tó wà láàárín gbùngbùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, irú èyí tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, tí mo gé lára ìró ìyá mi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Màpó yìí náà tí wọ́n ṣí ní 1929, tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Orí òpó àti ṣíbí yẹn ni Àkànní ti kọ́ òǹkà.

Ọmọ náà ò fi aṣọ yìí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ó wọ́ ọ kiri ilé, ó fi ṣe àgọ́ lábẹ́ tábìlì, ó fi jẹun. Nígbà tí wọ́n wá jù ú sínú máṣíìnì ìfọṣọ pẹ̀lú jíńsì bàbá rẹ̀, ó ya. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu, ló bá gbé e fún télọ̀ kan tí n ò ní dárúkọ. Ìyẹn tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù lẹ sítéè oní-gọ́ọ̀mù mọ́ ègé mọ́kànlá, irú èyí tí à ń fi sí kọ́là, ó sì fi máṣíìnì rán an síwá sẹ́yìn. Aṣọ wá le gbagidi bíi páálí. Àkànní fọwọ́ kàn án, ó ní, "Kì í ṣe tèmi nìyí." Wọ́n bá gbé e wá bá mi.

Bí mo ṣe ṣe é rèé, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Mo da aṣọ tútù lé ibi tó lẹ, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, mo ń ṣí gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà mo rẹ aṣọ náà sínú báàfù, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀. Mi ò fọwọ́ ra á, mi ò fún un, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ títí omi fi mọ́. Aró àdìrẹ ìyá mi ti ṣí tipẹ́, kò kun ohunkóhun. Ẹ má mú etí kan kí ẹ fi fà á jáde o. Omi inú rẹ̀ wúwo, ìwúwo yẹn nìkan tó láti ya á. Inú táwẹ́ẹ̀lì ni mo fi gbé e, mo sì tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ òjìji.

Nígbà tó gbẹ, mo gbé ojú aṣọ náà sí fèrèsé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, ibẹ̀ ló máa já lọ́la bí kò tilẹ̀ tíì já lónìí. Mo ka ibi 17.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń gé ibi tó já sọnù. Ẹ má gé e. Ẹ gbé ègé mìíràn lé e lórí, kó fẹ̀ kọjá ihò títí dé ibi tí aṣọ ṣì ti lágbára, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ègé tuntun yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ tuntun. Ańkárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Gbági dé ṣì ní sítáàṣì lára. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ á súnkì, á sì fa arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya. Òwú gidi ni kí ẹ fi rán an. Pọ́lísítà le ju aṣọ tó ti gbó lọ: bí ọmọ bá fà á, okùn ò ní já, yóò gé aṣọ bí okùn ṣe ń gé ọṣẹ. Ní ti Ìbàdàndùn, mi ò lè bo òpó Màpó mọ́lẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ aró ni mo tẹ́ lé e, mo rán an yípo, òpó sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. Mùsùlùmí ni mí, obìnrin sì ni mí, obìnrin tó bá mọ awo kò gbọdọ̀ wí, ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, orí ẹ̀kú àtijọ́ ni wọ́n ń gbé aṣọ tuntun lé bí ọdún eégún bá dé. Tàtijọ́ ò kúrò lábẹ́.

Lónìí, ọmọ iṣẹ́ á kọ́ṣẹ́ parí, á ṣe fírídọ́ọ̀mù, wọn á pa màlúù, kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ aṣọ. Obíọma tó ń gbé máṣíìnì léjìká kiri àdúgbò, tó ń fi sísọ́ọ̀sì kéde ara rẹ̀, òun nìkan ni mo mọ̀ tí kì í tijú àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ igun kékeré sílẹ̀ lójú ewé yẹn fún irú wọn.

Nígbà tí mo bi Àkànní pé aṣọ wo ni kí n fi lẹ èyí tó kù, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì yúnífọ́ọ̀mù jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ wá, àbàwọ́n epo wà láyà rẹ̀. Ó ní ibi tí epo wà gan-an ni kí n gé.

Ó wá ku igun kan. Ibẹ̀ ló máa ń fi àtàǹpàkò ra kí oorun tó gbé e lọ. Kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́, ẹ bá mi bò ó. Mo ti gé ègé tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn sílẹ̀ nígbà tó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn." Ihò náà ti tó kí àtàǹpàkò wọ̀ ọ́. Mo rán etí rẹ̀ yípo bí ìgbà tí à ń ṣe ojú bọ́tìnì, kó má baà fẹ̀ sí i, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Aránṣọ àtijọ́ kan,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.